Aṣíwájú Ló Ń Gba Ìrì

Ọwọ́ Ọ̀gbẹ́ni Sutcliffe ni mo ti rà á, ní Halifax,
lọ́dún tí ẹnikẹ́ni ò tíì ní irú ẹ̀ ládùúgbò wa.
Ó fa kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́ bí ẹni fa ọmọ léni lọ́wọ́,
ó ní, "Má jẹ̀ẹ́ kí inú ẹ̀ gbẹ pátá. Bátìrì kì í fẹ́ ebi."
Mo tẹ bọ́tìnnì. Mo tẹ́tí. Mo ní kò ṣiṣẹ́.
Ó ní ó ti ń ṣiṣẹ́ látìgbà tí mo ti ń tẹ́tí.

Ìbídùn dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ká apá mọ́ àyà.
"Èmi fẹ́ ọkọ, ọkọ mi lọ fẹ́ ọkọ̀!
Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà pọ́n-ùn,
lórí ohun tí ò lè dé Leeds kó tún padà wálé!"
Kò purọ́. Ìwé ní ọgọ́rùn-ún máìlì ni.
Ìwé ò gbé Halifax rí.
Ìwé ò mọ òkè,
kò mọ atẹ́gùn oṣù kìíní tó ń gba ilẹ̀kùn mọ́ni lọ́wọ́.

Mo wá di oníṣirò ọ̀sán gangan.
Iṣẹ́ òru mi wà nílé ìwòsàn ní Huddersfield:
ìlà mẹ́wàá bí mo bá kúrò nílé,
mẹ́fà bí mo bá débẹ̀,
mẹ́rin bí yìnyín bá bọ́.
Bí mo bá tan ooru, ìlà kan á kú lójú mi.
Mo pa ooru. Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì,
mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì tí a fi gbé Ọmọ́wùnmí dé láti ilé ìgbẹ̀bí
bo orúnkún kan ṣoṣo. Ibi tó mọ nìyẹn.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.
Láàárọ̀, bí mo bá dorí kodò sí Elland, tí mo gbé ẹsẹ̀ kúrò,
ọkọ̀ á máa kùn bí ológbò,
ìlà kan tó ti kú á jí.
Ohun tí òkè gbà lóru, ó ń dá díẹ̀ padà.
Mélòó nínú àwọn tó jẹ mí lówó
ló ṣe bẹ́ẹ̀ rí?

Ó kú mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan.
Ìyá àgbà kan, Dorothy Greenwood, ṣí fèrèsé ilé ìdáná,
ó ju wáyà jáde, ó yọ púlọ́ọ̀gì fìríìjì ẹ̀ nítorí mi.
Wákàtí mẹ́ta. Ó sọ bí ọkọ ẹ̀ ṣe kú,
mo sọ bí bàbá mi ṣe kú.
Ọkọ̀ ń mu níta, àwa ń mu tíì nínú ilé.

Lọ́dọọdún ni rédíò ń sọ pé wọ́n ti rí i:
bátìrì tí yóò kún kí tíì tó tutù,
tí òtútù ò ní lè rí gbé ṣe.
Ó ku ọdún márùn-ún péré, wọ́n ní.
Ọdún márùn-ún kọjá. Ó tún ku márùn-ún.
Ìpẹ̀kun ojú ọ̀run ni: bí a ti ń rìn lọ bá a ló ń sún.
Síbẹ̀ mo máa ń yí ohùn rédíò sókè.

Nísinsìnyí, wáyà wà lẹ́nu ilé mẹ́jọ ládùúgbò wa.
Callum, ọmọ ilé kejì, bi mí pé máìlì mélòó ni tèmi ń rìn.
Mo ní, "Méjìlélógún, bí atẹ́gùn bá fọwọ́ sí i."
Ó rẹ́rìn-ín. Tiẹ̀ ń rin ọ̀ọ́dúnrún, ooru sì wà nínú ẹ̀.
Ẹsẹ̀ ẹ̀ gbẹ. Inú mi dùn sí i, díẹ̀.
Ọ̀nà tó ń tọ̀, àwa kan ti fi ojúgun nu ìrì orí ẹ̀.

Lálẹ́ àná, mo jáde síbi iṣẹ́,
mo bá bùláńkẹ́ẹ̀tì kejì lórí àga ọkọ̀, tuntun, tó gùn.
Ìbídùn ò sọ nǹkan kan.
Èmi náà ò bi í.